Oorun Tí Àlejò Ti Sanwó Rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì láti Ìkẹjà dé Ìbàdàn, láti Abẹ́òkúta dé Àkúrẹ́, alẹ́ Sátidé kì í ṣe alẹ́ oorun. Gbọ̀ngàn àríyá wà nísàlẹ̀, yàrá àlejò wà lókè, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ilé, inú ọgbà kan náà sì ni gbogbo wọn wà. Láti ọ̀sán ni àwọn tó wá jẹ ìgbéyàwó ti ń dé pẹ̀lú aṣọ ẹbí wọn. Ilẹ̀ ṣú tán, dí-jéè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán spíkà rẹ̀ wò ni. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tó ti jẹ ìyà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó sanwó, tó gba kọ́kọ́rọ́, tó ní kí òun kàn wẹ̀ kí òun sùn, á wá rí i pé àárín àríyá ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun sí.

Oorun ni òtẹ́ẹ̀lì ń tà. Ẹ̀rọ amúlétutù, tẹlifíṣọ̀n ara ògiri, ọṣẹ wẹẹrẹ inú ilé ìwẹ̀, tíì àti búrẹ́dì àárọ̀, gbogbo rẹ̀ wà nítorí kí àlejò lè fi orí lélẹ̀ kó sì jí pẹ̀lú ara pípé. Bí ẹnìkan bá fẹ́ jẹun, ilé oúnjẹ wà. Bó bá fẹ́ jó, ilé ijó wà. Ohun tí ẹni tó jìnnà sílé kò lè rí níbòmíràn ni ibi tó lè dùbúlẹ̀ sí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nítorí náà, òtẹ́ẹ̀lì tó gba owó yàrá tó sì jẹ́ kí ariwo gba oorun náà padà ti gba owó ọjà tí kò tà. Ọ̀rọ̀ náà le, òǹkọ̀wé yìí sì mọ̀ pé ó le, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lójú rẹ̀.

Ara ènìyàn pàápàá kì í tètè fọkàn tán ibùsùn àjèjì. Ní ọdún 2016, Masako Tamaki, Yuka Sasaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Current Biology. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tó ń sùn níbi tí wọn kò sùn rí. Wọ́n rí i pé ní alẹ́ àkọ́kọ́, apá òsì ọpọlọ kì í sùn wọra tó apá ọ̀tún. Apá òsì yìí ló ń ṣọ́nà: bí ohùn tí kò mọ̀ bá dún sí etí ọ̀tún, kíá ló ń ta onítọ̀hún jí. Nígbà tí àwọn ènìyàn náà tún padà wá sùn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìyàtọ̀ náà kò sí mọ́. Alẹ́ kan péré ni ọ̀pọ̀ àlejò sì máa ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Alẹ́ kan yẹn ni etí wọn ń ṣí jù, alẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń fi ìlù, jẹnẹrétọ̀ àti ariwo ẹnu ọ̀nà dán wọn wò. Ẹni tó bá ń sọ pé àlejò kan ti ń rojọ́ jù, pé bóyá kò mọ bí wọ́n ṣe ń faradà nǹkan, kò mọ ohun tí ara ń ṣe.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ̀rọ̀ lórí èyí tipẹ́. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 1999, wọ́n ní ariwo tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró kò gbọdọ̀ ju désíbẹ́ẹ̀lì 30 lọ nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, èyí tó bá sì dún lójijì kò gbọdọ̀ ju 45 lọ. Ohùn ènìyàn méjì tó jókòó tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ti tó bíi 60. Òṣùwọ̀n yìí kì í gòkè bí a ṣe ń ka owó o: bí a bá fi 10 kún un, etí á gba ariwo náà sí ìlọ́po méjì. Ariwo tó bá ti 45 lọ sí 75 ti di ìlọ́po mẹ́jọ létí ẹni tó fẹ́ sùn. Ní 2011, àjọ náà tún ṣírò pé ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù nìkan, ó kéré tán, ariwo, pàápàá ti ọkọ̀, ń jẹ ọdún ìlera mílíọ̀nù 1 mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ lọ́dọọdún, ìdílọ́wọ́ oorun ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ènìyàn lè má jí rárá. Ọkàn rẹ̀ á ṣì sáré, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ṣì ru. Láàárọ̀, á kàn ní òun sùn ṣùgbọ́n ara òun kò yá.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́lé dá kún un. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń ti spíkà ńlá jáde, èyí tó ń lu ènìyàn láyà gbì-gbì, kì í bẹ̀rù ògiri. Ìgbì ohùn tó ń mì ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó nǹkan bíi mítà 7. Ògiri búlọ́ọ̀kù onínṣì 6 tí wọ́n fi la yàrá kan sí èkejì kò ní nǹkan tó fẹ́ fi dá a dúró. Èyí tó bá ṣẹ́kù á gba ojú fèrèsé gíláàsì tí à ń tì síwá-sẹ́yìn lórí irin alumíníọ̀mù wọlé, nítorí pé fèrèsé bẹ́ẹ̀ kì í pa dé dáadáa. Kí ẹni tó bá rò pé irọ́ ni èyí wo abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ nígbà mìíràn tó bá lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìka méjì ló lè gba ibẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ fáránda sì ń wọlé wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọlé, ohùn náà mọ ibẹ̀.

Ti jẹnẹrétọ̀ kò ṣeé dá oníṣòwò lẹ́bi fún pátápátá. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì tó lè ṣiṣẹ́ láìsí i nílẹ̀ yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná, sọ owó iná àwọn oníbàárà tó wà ní Band A di Náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan láti bíi Náírà 68 tó wà tẹ́lẹ̀. Àdéhùn tó wà níbẹ̀ ni pé iná á máa wà fún wákàtí 20 lójúmọ́. Owó náà wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mú àdéhùn ṣẹ láìyẹ̀, wákàtí 4 ṣì kù tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi bú, àwọn òtẹ́ẹ̀lì tí kò sì sí ní Band A kò ní ohun méjì tí wọ́n lè ṣe. Ibi tí ẹ̀bi ti wọlé ni ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí. Ní gbangba, bí a bá sọ jíjìnnà ibi tí ariwo ti ń wá di ìlọ́po méjì, ó máa ń fi bíi désíbẹ́ẹ̀lì 6 dín kù. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé kúrò ní mítà 5 sí ojú fèrèsé, tí wọ́n gbé e lọ sí mítà 20, ti pàdánù bíi 12 kí wọ́n tó ra páálí kan láti fi bò ó. Wáyà tó gùn díẹ̀ ni ìnáwó rẹ̀. Síbẹ̀, abẹ́ fèrèsé yàrá tó kángun ni ọ̀pọ̀ ń gbé e sí, wọ́n á sì máa ta yàrá náà ní iye kan náà pẹ̀lú èyí tó kọjú sí ọgbà òdòdó.

Àwọn ariwo kéékèèké náà wà tí kò níí ṣe pẹ̀lú NEPA tàbí àríyá. Òṣìṣẹ́ méjì á dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹlòmíràn láago márùn-ún ìdájí, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ilé wọn. Wọ́n á wọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì irin lórí táìlì. Ẹnìkan á kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà láago méje láti béèrè bóyá àlejò ti fẹ́ kí wọ́n wá tún yàrá ṣe, bẹ́ẹ̀ káàdì “ẹ má yọ mí lẹ́nu” ń rọ̀ lára ọwọ́ ilẹ̀kùn. Kò ná oníṣòwò ní kọ́bọ̀ láti dá èyí dúró. Kí ó kàn bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ni.

Ohun tó mú òǹkọ̀wé yìí ronú jinlẹ̀ jù kì í ṣe ariwo fúnra rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì ìgbàlejò lóru ọjọ́ kan ni. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn ni, iṣẹ́ sì wà láti ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìgbéyàwó ń lọ nísàlẹ̀. Fóònù inú yàrá kò dún, ó ti kú. Òǹkọ̀wé yìí wọ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló bá níbẹ̀, tó fi súẹ́tà bo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nítorí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù.

“Ẹ má bínú, mà,” ni ọmọ náà kọ́kọ́ wí, kí àlejò tó lanu. “Ìgbéyàwó ni. Wọn ò ní pẹ́ parí.”

“Aago méjìlá ti kọjá, ọmọ mi. Ìgbà wo ni wọ́n máa parí?”

“Wọ́n ti fi owó kún owó gbọ̀ngàn, mà. Wọ́n á lò ó di aago méjì.”

Lẹ́yìn rẹ̀, pátákó kan wà lára ògiri tí wọ́n kan ìṣó sí ní ìlà-ìlà. Kọ́kọ́rọ́ ń rọ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú ìṣó náà, rọ́bà pupa wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá. Àlejò bi í bóyá kò sí yàrá mìíràn ní apá ẹ̀yìn, níbi tó jìnnà sí gbọ̀ngàn. Ó ní ó wà. Àwọn yàrá olówó gọbọi ni wọ́n, wọ́n sì ṣófo. Ṣùgbọ́n bí òun bá fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan sílẹ̀ láìsí àṣẹ mánéjà, nínú owó oṣù òun ni ìyàtọ̀ owó náà máa ti jáde. Mánéjà ńkọ́? Wọ́n ti lọ sílé. Ṣé a lè pè wọ́n? Ọmọ náà wo fóònù rẹ̀, ó tún wo ojú àlejò. “Wọn kì í fẹ́ ká pe àwọn lóru, mà.” Ojú rẹ̀ pọ́n. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀; òun náà kò tíì sùn.

Níbẹ̀ ni ìbínú ti pin. Ta ni ènìyàn fẹ́ bá jà? Ọmọ tí wọ́n fi síbẹ̀ láti máa tọrọ àforíjì ohun tí kò ṣe, tí kò sì ní agbára láti tún un ṣe? Yàrá tó ṣófo wà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n apá kan sí i. Ẹni tó nílò rẹ̀ dúró síwájú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ni ìyọ̀ǹda, ìyọ̀ǹda náà sì ti lọ sùn sílé tirẹ̀.

Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní 1983 tó ń jẹ́ The Managed Heart lórí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú. Ohun tó fi hàn ni pé ẹ̀rín músẹ́ àti sùúrù pẹ̀lú ẹni tó ń bínú jẹ́ iṣẹ́ tó ń tán ènìyàn lókun bí iṣẹ́ agbára, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Ní òtẹ́ẹ̀lì wa, àwọn tí owó oṣù wọn kéré jù ni wọ́n di ẹrù yìí lé lórí, lóru, nígbà tí ẹni tó gba owó gbọ̀ngàn kò sí nítòsí. Owó gbọ̀ngàn ní alẹ́ kan lè pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ yàrá lọ. Ìdí nìyẹn tí oníṣòwò kì í fẹ́ bá olóde sọ̀rọ̀ nípa aago. Ó mọ ẹni tó sanwó jù, àlejò òkè náà sì ti mọ ipò tirẹ̀.

Àwọn kan ti rí ọ̀nà mìíràn gbà. Ní 1989, Hampton Inn ní Amẹ́ríkà kéde pé àlejò tí ìgbé ibẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn kò ní sanwó alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní àṣẹ láti mú ìlérí náà ṣẹ, títí kan ẹni tó ń tún yàrá ṣe, láìjẹ́ pé wọ́n pe ọ̀gá. Ní Ritz-Carlton, a ti gbọ́ ọ tipẹ́tipẹ́ pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná tó dọ́là 2,000 lórí ìṣòro àlejò kan láìtọrọ ìyọ̀ǹda. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ jẹ ìgbéyàwó ní Manchester tàbí Birmingham, mọ Premier Inn, tó ti ṣèlérí rí pé ẹni tí kò bá sùn dáadáa lè gba owó rẹ̀ padà. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe àjọ ìrànwọ́. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé àlejò tí wọ́n dá owó rẹ̀ padà á tún wá, èyí tí wọ́n fi “ẹ má bínú” lé lọ kò ní padà wá mọ́.

Kò dìgbà tí òtẹ́ẹ̀lì Ìjẹ̀bú-Òde bá ní dọ́là 2,000. Kí ọmọ tó wà nídìí tábìlì lóru lè pààrọ̀ yàrá fún àlejò láìfi owó kún un bí yàrá bá ṣófo; kó lè dá ìdajì owó padà títí dé iye kan tí wọ́n ti fẹnu kò sí; kí nọ́ńbà ẹni tó ní àṣẹ, tó sì máa gbé fóònù lóru, wà lára ògiri. Èyí kò le.

Yorùbá kọ́ ni wọ́n fẹ́ wá kọ́ ní àlejò ṣíṣe. Àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ta ni kò rántí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bí àlejò bá dé, tí wọ́n á kó àwọn ọmọ jáde ní yàrá, tí wọ́n á tẹ́ ẹní fún wọn ní pálọ̀, kí àlejò lè rí bẹ́ẹ̀dì sùn? Bí ọmọ kan bá pariwo láàárọ̀, ìyá á fi ìka lé ẹnu: “Ẹ rọra, àlejò ń sùn.” Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ó ń dun òǹkọ̀wé yìí pé ní kété tí owó wọ̀ ọ́, ìka yẹn kúrò lẹ́nu. Àlejò tó sanwó ni à ń sọ fún pé kó faradà á.

Àwa àlejò náà sì ń faradà á. Ẹni tí omi gbígbóná kò yọ fún, tí wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá fún lẹ́yìn wákàtí kan, á ní kò burú. Ẹni tó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá láago mẹ́jọ, tó jẹ ẹ́ láago mẹ́wàá ní tútù, á ní ẹ ṣeun. Láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá bi í bóyá ó sùn dáadáa, á rẹ́rìn-ín, á ní a dúpẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ló pe èyí, kò sì fẹ́ kí wọ́n yọ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì kò sì ní gbọ́ nǹkan kan láé.

Èkó kò fi ìgbà gbogbo dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, wá sí Èkó. Ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Wọ́n ti gba yàrá fún un ní Bristol Hotel. Nígbà tó dé, tí wọ́n rí i pé adúláwọ̀ ni, wọ́n ní kò sí yàrá fún un. Ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ìlú: àwọn ìwé ìròyìn gbé e, àwọn olóṣèlú fa ọ̀rọ̀ náà, inú bí àwọn ará ìlú, ìjọba amúnisìn sì pàpà pàṣẹ pé kí wọ́n yé ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara níbi tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ní 1943, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti lé Learie Constantine, gbajúmọ̀ eléré kíríkẹ́ẹ̀tì ọmọ Trinidad, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre ní 1944. Owó gbà-má-bínú tí wọ́n ní kí wọ́n san fún un kò ju gínì 5 lọ, ṣùgbọ́n adájọ́ sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá ṣí ilé àlejò ní ojúṣe lábẹ́ òfin sí ẹni tó bá wá síbẹ̀. Ìwọ̀sí àwọ̀ wúwo ju ti ariwo lọ, òǹkọ̀wé yìí kò sì fi wọ́n sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ohun tó ń wò ni pé ìlú kan náà tó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ nígbà yẹn ló ń sọ lónìí pé “ẹ jẹ́ kó lọ.”

Òfin wà tí a lè dì mú. Òfin FCCPA ti 2018, tó wà fún ààbò oníbàárà, ní abala 130, sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lásìkò, tó sì dára tó bí ènìyàn ṣe lè retí rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá apá kan owó rẹ̀ padà. Abala 120 fún un láyè láti fagi lé yàrá tó ti gbà sílẹ̀ kó tó dé, bí ó bá san owó tí kò pọ̀ jù. Ariwo ní tirẹ̀ ní ìlànà NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká, láti 2009; ní Èkó, ìwọ̀n tí LASEPA, àjọ àyíká ti ìpínlẹ̀ náà, fi lélẹ̀ fún àdúgbò tí ènìyàn ń gbé ni désíbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru. Wọn kì í fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ìjọba Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo, pẹ̀lú òtẹ́ẹ̀lì, ilé ọtí àti ilé ijó bíi 10.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àlejò tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó tó fi owó ránṣẹ́, kó pe òtẹ́ẹ̀lì, kó sì béèrè ohun kan gbòógì: ṣé ẹ ní ayẹyẹ ní gbọ̀ngàn yín lọ́jọ́ náà, aago mélòó ló sì máa parí? Ẹni tó gbé fóònù á sọ òtítọ́ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó ti béèrè rí. Kó ní kí wọ́n fún òun ní yàrá tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, tí kò sì sí lórí gbọ̀ngàn. Nígbà tó bá dé, kó tó tú àpò rẹ̀, kó pa ẹ̀rọ amúlétutù, kó ti fèrèsé, kó dúró díẹ̀ kó gbọ́. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ yàrá fún ènìyàn, nígbà tí mánéjà ṣì wà. Lóru, ìtàn ni. Bí ariwo bá wá bẹ̀rẹ̀, kó fi fóònù rẹ̀ ká a sílẹ̀, kó kọ aago rẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ ọ́, kó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó wà nídìí tábìlì. Láàárọ̀, kó béèrè mánéjà kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kó pe ọmọ tó ràn án lọ́wọ́ lórúkọ, kó yìn ín, kí ẹ̀sùn má baà já lé e lórí. Kó wá sọ iye tó fẹ́ gbà padà ní pàtó, nítorí pé ẹni tó kàn ní inú òun kò dùn, “ẹ má bínú” náà ni wọ́n á fi dá a lóhùn.

Èyí tó wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tóbi ju ìyẹn lọ. Ní 2013, nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé Èkó lọ, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ láti fún òtẹ́ẹ̀lì ní ìwé ìyọ̀ǹda àti láti pín wọn sí ìpele-ìpele. Èkó sì ti ń gba ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó yàrá láti inú òfin tí wọ́n ṣe ní 2009. Lórí yàrá tó jẹ́ Náírà 50,000, Náírà 2,500 ló ń wọ àpò ìjọba ní alẹ́ kan. Ìjọba tó ń gba owó oorun lọ́wọ́ àlejò lálaalẹ́ gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń fi owó náà ṣe. Nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì bá wá tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe, kí wọ́n béèrè ìwé àdéhùn tí wọ́n ń fún àwọn tó ń gba gbọ̀ngàn, kí wọ́n wò ó bóyá aago tí orin gbọ́dọ̀ dákẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n béèrè orúkọ ẹni tó ní àṣẹ lóru. Kí olùyẹ̀wò má sì wá láago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, nígbà tí gbogbo ilé dákẹ́, tí wọ́n ti gbé ohun mímu tútù sílẹ̀ dè é. Kó wá láago mọ́kànlá alẹ́ Sátidé, kó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá tó sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ jù lọ, kó ti fèrèsé rẹ̀, kó tan ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ariwo, kó sì kọ iye tó bá rí síwájú orúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà.